Ọba Kì í Pọ̀kọrin: Òǹkọ̀wé, Àjọ̀dún àti Ìlú tí Ó Pín sí Méjì

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: nígbà tí ìṣèlú bá pín ìlú sí méjì, tí ìjọba sì pe àwọn òǹkọ̀wé sí àjọ̀dún, ṣé kí òǹkọ̀wé lọ ni, àbí kí ó jókòó sílé? Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó bá jẹ àsè ọba ti gbè sẹ́yìn ọba. Àwọn mìíràn a ní ọ̀rọ̀ ewì kò kan ọ̀rọ̀ òṣèlú. N kò gba ti àwọn ìṣáájú, n kò sì gba ti àwọn ìkẹyìn. Ìtàn ni n ó fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Àwọn baba wa ní òwe kan: ọba kì í pọ̀kọrin. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán. Òfin ìlú ni. Ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tálákà a máa fi orin ta ọlọ́lá lára, kò sì sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a sì máa tú àṣírí àwọn aṣebi ní gbangba ọjà. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ọdún ni a ń sọ ọ́, kí inú ìlú lè fúyẹ́. Nítorí náà, lójú Yorùbá, àjọ̀dún kì í ṣe ibi tí a ti ń gbàgbé ìjà. Ibi tí a ti ń fi ẹnu jà ni, kí a má baà fi àdá jà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn aláṣẹ òde òní ti ṣe pẹ̀lú òfin yìí. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Action Group ti pín: Awólọ́wọ̀ wà lápá kan, Akíntọ́lá wà lápá kejì. Ní 1963, Awólọ́wọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Ìwọ̀-Oòrùn gbà pé àwọn ni eré náà ń bá wí, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ní gbogbo ẹkùn wọn. Òfin náà wà títí di 1966, nígbà tí ìjọba ológun mú un kúrò.

Ó yẹ kí àwa Ìgbómìnà fi ojú tiwa wo òfin yẹn. Ní àkókò náà, Ìlá Ọ̀ràngún wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti Òrò-Àgọ́ sì wà ní Ẹkùn Àríwá, nítorí ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà, tí Ìgbìmọ̀ Willink ti 1958 kò sì yí padà. Òfin Ìbàdàn kò kọjá ààlà yẹn. Eré kan náà, ní èdè kan náà, di èèwọ̀ fún ará Ìlá, kò sì di èèwọ̀ fún ìbátan rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ Àríwá fẹ́ràn òmìnira jù. Àwọn kọ́ ni orin náà ń bú ni. Kò sí aláṣẹ tí kò lè fara da orin tí ń bú aládùúgbò rẹ̀. Èyí tí ó bú òun fúnra rẹ̀ ni ìdánwò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a dé Dakar. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, àwọn ológun gbàjọba ní Nàìjíríà. Balewa, Ahmadu Bello àti Akíntọ́lá bá a lọ. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé nígbà tí Àjọ̀dún Àgbáyé Àkọ́kọ́ fún Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Ènìyàn Dúdú bẹ̀rẹ̀ ní Senegal, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin. Nàìjíríà ni àlejò pàtàkì. Senghor, tí í ṣe ààrẹ àti akéwì, ni olùgbàlejò. Aimé Césaire wà níbẹ̀. Langston Hughes àti Duke Ellington wá láti Amẹ́ríkà. Yevtushenko wá láti ilẹ̀ Soviet. Ṣùgbọ́n ilé olùgbàlejò pàápàá kò tòrò: Mamadou Dia, tí ó ti jẹ́ olórí ìjọba rẹ̀, ti wà ní àtìmọ́lé láti oṣù Kejìlá 1962, kò sì jáde títí di 1974.

Irú eré wo ni Nàìjíríà gbé lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn ni Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká. Aláṣẹ kan wà nínú eré náà tí ó fẹ́ gba ọdún iṣu tuntun lọ́wọ́ ọba, kí ó lè sọ ọdún ìlú di ọdún ara rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ní àjọ̀dún tí olórí orílẹ̀-èdè ṣe, wọ́n ṣeré nípa olórí tí ń fi ipá gba àjọ̀dún! Wọ́n ṣe é tán, kò sì sí ẹni tí ó pa ọ̀kọrin. Wọ́n fún Christopher Okigbo ní ẹ̀bùn ewì níbẹ̀, ó kọ̀ ọ́, nítorí kò gbà pé àwọ̀ ara ni a fi ń díwọ̀n ewì. Kíkọ̀ náà pàápàá, orin ni.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ: Dakar kò dá ogun dúró. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967. Okigbo kú sójú ogun náà ní apá Biafra lọ́dún yẹn kan náà. Ṣóyínká wà ní àtìmọ́lé ìjọba àpapọ̀ láti oṣù Kẹjọ 1967 títí di oṣù Kẹwàá 1969.

FESTAC ni ẹ̀rí mi ìkẹyìn. Ó wáyé ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977. Fẹlá Aníkúlápó kọ̀ láti bá wọn kópa. Inú Shrine rẹ̀ ni ó ti ń kọrin, àwọn àlejò sì ń wá a lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn sójà ya bo ilé rẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní 1978. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó jókòó sílé kò bọ́?

Nítorí náà, lílọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, jíjókòó sílé kọ́ ni ìwà mímọ́. Bí wọ́n bá gba orin lẹ́nu ọ̀kọrin lẹ́nu ọ̀nà, kí ó padà sílé. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó gbé e wọlé, kí ó wọlé, kí ó sì kọ ọ́ já. Ṣùgbọ́n ọ̀kọrin nìkan kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Ọba ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí ó bá ṣe àjọ̀dún, kí a má fi iye ìlù àti iye àlejò díwọ̀n rẹ̀. Kí a dúró títí àwọn àlejò yóò fi lọ tán, kí a wá béèrè ibi tí ọ̀kọrin wà.