Victoria Davies àti ìdàgbàsókè ọmọbìnrin ní Èkó

Àwọn Sàró Èkó, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, kò fi ẹ̀kọ́ ọmọ ṣeré, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Ilé-ẹ̀kọ́ girama CMS bẹ̀rẹ̀ ní 1859, pẹ̀lú £50 tí oníṣòwò J. P. L. Davies fi ṣèrànwọ́; ti àwọn ọmọbìnrin di 1869. Ó pẹ́ jù.

Láàárín àkókò yìí, ní 1863, Sarah Forbes Bonetta, ìyàwó Davies, ọmọ Ẹ̀gbádò tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dàhòmì ní kékeré, bí àkọ́bí wọn. Wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Victoria sọ ọ́, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Madeira ní 1880. Victoria Davies kàwé ní Cheltenham, ó sì fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890.