Àgbáyun: Èso Ìgbẹ́ Tó Yẹ Ẹ̀yìnkùlé

Bí a bá dárúkọ Ọ̀fàdà, ìrẹsì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni tèmi ń lọ sí, pàápàá jù lọ àgbáyun. Ẹni tó bá jẹ èso pupa kékeré yìí, bó mu ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gógó lé e, dídùn ni yóò máa bá a lẹ́nu.

Ní 1725, Des Marchais ará Faransé rí i pé àwọn ènìyàn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ èròjà adùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní 1974, ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí a fi í ṣe àdídùn oúnjẹ títà. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí èso gbígbẹ rẹ̀ ní 2021. Àwa tí a fún un lórúkọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi kò dá a mọ̀ mọ́!

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó má jẹ́ kí kóró rẹ̀ gbẹ. Abẹ́ ibòji ló ti ń ṣe dáadáa, ó sì ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so.