Ìletò Palanpur ní Ilẹ̀ Íńdíà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ti rí yóò kọ́kọ́ béèrè iye ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ìletò kan tí à ń pè ní Palanpur, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà, yóò fi èyí yé wa. Kò tóbi, kò sì lókìkí láàárín ìletò tí ó ju 600,000 lọ ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1957 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lọ síbẹ̀ léraléra, tí wọ́n ń wo ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kọ ènìyàn àti oko rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ènìyàn 528 ni wọ́n kà. Ní ọdún 1993, iye náà ti ju 1,100 lọ; nígbà tí ó fi di ọdún 2009, ó ti lé ní 1,200. Ènìyàn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò gbòòrò sí i. Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Ní àtijọ́, màlúù ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ tí ń fa omi kànga sí oko wọn. Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, irúgbìn àlìkámà titun sì dé, oko kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí so ju ti ìṣáájú lọ. Ọkọ̀ ojú irin a sì máa dúró ní Palanpur. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń wọ̀ ọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Chandausi àti Moradabad.

Ṣùgbọ́n ìpín wọn kò dọ́gba. Wọ́n pín sí ẹgbẹ́ ìbí, tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ baba, tí wọn kì í sì í sábà gbéyàwó kọjá rẹ̀. Àwọn Thakur ni ọlọ́lá ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn Murao, àgbẹ̀ tí ó mọ ẹ̀fọ́ gbìn dáradára, fi làálàá gbé ara wọn ga. Àwọn Jatab, tí àwọn baba wọn ń ṣiṣẹ́ awọ, ni ó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Òfin ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1950 fi òpin sí pípe irú wọn ní aláìmọ́. Ṣùgbọ́n àṣà a máa pẹ́ lẹ́yìn òfin.

Ọ̀ràn ìwé ni ó kan àwa olùkọ́ jùlọ. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń san owó oṣù. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún olùkọ́ kì í sábà wá. Ìyà èyí jẹ gbogbo ọmọ, ó sì jẹ ọmọ tálákà àti ọmọbìnrin jùlọ. Ní ọdún 1993, obìnrin tí ó mọ̀wé kà ní Palanpur kò tó ọ̀kan nínú 10. Kì í sì í ṣe ìwé nìkan ni a fi du ọmọbìnrin ní àgbègbè náà: nígbà tí a ka gbogbo ènìyàn Uttar Pradesh ní ọdún 2011, obìnrin 912 péré ni a rí sí ọkùnrin 1,000, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́ ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbàkúùgbà tí ẹ bá ka iye ènìyàn ìlú kan nínú ìwé, ẹ tún béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó mọ̀wé, àti ẹni tí a kà mọ́ ènìyàn ṣùgbọ́n tí a kò kà sí.