Wákàtí Mẹ́rìndínlógún ní Ìbàràpá

Ojú mi kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnu ìyá wa, ẹnu ọlọ́kadà àti ẹnu nọ́ọ̀sì ni mo ti ṣà á jọ, mo sì fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi tò ó. Èèyàn lè gbàgbé ìgbà tó pe ẹnìkan, fóònù kì í gbàgbé.

Aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jí, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Oyún ìbejì ni. Lọ́dọ̀ wa, ìbejì kì í ṣe ohun ìyanu. Igbó-Ọrà tí ayé ń pè ní ìlú ìbejì kò jìnnà sí abúlé wa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ara wa balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá wa ní, "Ìyàwó mi, rọra. Ọmọ kì í já bọ́ bí ọsàn."

Aago márùn-ún ààbọ̀, omi dà. Ìyá wa ní ilé ìyá abiyè ni ká lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni. Aago 6:41 ni fóònù sọ pé ó pe ọlọ́kadà. Àríyànjiyàn ló jẹ wákàtí kan ó lé yẹn. N ò bá ìyá wa wí: ìyá abiyè yẹn ló gbẹ̀bí àwa méjèèjì, kì í sì í gba owó kí ọmọ tó dé. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ìdílé ní ọdún 2018 rí i pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 39 péré ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe òpè ni gbogbo ìyá àwọn yòókù.

Aago méje kọjá, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ìyàwó wà láàárín ọlọ́kadà àti ìyá wa. Nígbà tí wọ́n dé odò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn lórí pákó méjì tí wọ́n tò sórí omi. Orí pákó yẹn ni ìrora ti dé. Ó rọ̀ mọ́ ọrùn ìyá ọkọ rẹ̀ títí ó fi lọ.

Aago 8:20, wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láti alẹ́ àná. Kò sí iná láti ọjọ́ méjì. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé-ọmọ sún kì kò gbọ́dọ̀ rí ooru, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára rẹ̀ á lọ. Nọ́ọ̀sì ti fi owó ara rẹ̀ ra yìnyín lọ́dọ̀ oníṣòwò omi tútù, ó kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà. Ó fẹ́ kọ wọ́n lọ sí ọsibítù ńlá nítorí ìbejì, àmọ́ ọmọ ti sún mọ́lẹ̀ jù.

Aago 9:50, Táyé dé, ó ké.

Aago 10:14, Kẹ́hìndé dé, kò ké. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ jọwọrọ. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, kò sí nǹkan kan. Ó gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ìbòmú kékeré bò ó nímú àti lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ báàgì afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé ló yẹ kí afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ìyá wa ní àyà ọmọ náà gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé, lẹ́yìn náà ló sín. Ẹni tó rán èkejì rẹ̀ ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò, òun náà wá gbà láti wọlé.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ibi ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó lè rẹ ilé-ọmọ tó ti gbé èèyàn méjì jù láti sún kì. Lábẹ́ ìdí ìyá ni wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sí tó ní ìlà òṣùwọ̀n. Ká ní aṣọ ni, aṣọ á fà á mu, a ó sì máa pè é ní ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lásán. Ọ̀rá fi hàn pé ó ti kọjá ìdajì lítà. Irú ọ̀rá yìí wà lára ohun tí ìwádìí E-MOTIVE lò ní ọgọ́rin ọsibítù ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Èsì ọdún 2023 ni pé ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ní nǹkan bí 60 nínú 100. Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ ra ikùn ìyá, ó gún un lábẹ́rẹ́ inú kúlà, ó fún un ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó fa omi sí i lára. Kò sí irin tí wọ́n á gbé dírípù kọ́. Ọlọ́kadà ló gbé e dání, nítorí kò tíì lọ. Owó rẹ̀ ló ń dúró gbà.

Ọ̀sán, ọkọ̀ ìwòsàn tí a pè kò ní epo. Ọkọ̀ tó kó gààrí ló gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fi di aago márùn-ún, ìyàwó ti ń béèrè oúnjẹ. Dókítà ní ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé e wá ló gbà á là.

Aago mẹ́jọ alẹ́, iná dé sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì da omi yìnyín nù, ó kó abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó kù sínú firíìjì. Owó yìnyín yẹn, kò tíì sẹ́ni tó dá a padà fún un.