Agbára Ẹ́ńjìnnì àti Ọ̀wọ́n Epo: Ìtàn Ọkọ̀ Kékeré Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Yí Táyà Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tí ó wà lójú títì, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Méjì yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Ṣùgbọ́n ìran ọkọ̀ kan wà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń la ẹrẹ̀, iyanrìn àti yìnyín kọjá níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rì. Àǹfààní yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Epo ni a fi ń san owó rẹ̀. Bí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà ṣe wá ọ̀nà láti dín gbèsè epo yìí kù, tí wọ́n sì gbà láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, ni ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

OHUN TÍ Ó FA GBÈSÈ EPO

Kí agbára ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú tó lè dé ọ̀dọ̀ táyà ẹ̀yìn, ọ̀pá irin gígùn kan ní láti gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Àwọn irin eléyín tí yóò pín agbára náà sí ọ̀tún àti sí òsì ní láti wà níwájú, kí wọ́n sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Gbogbo irin wọ̀nyí ní ìwúwo, epo ni yóò sì gbé ìwúwo náà kiri, ìbáà jẹ́ ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí eyín irin sì ti ń ha ara wọn, tí wọ́n ń yí nínú òróró tí ó ki, díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì a máa di ooru lásán kí ó tó dé ilẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá lè ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n lára. Ti ọkọ̀ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹrù tí àgbàlagbà ń gbé tí kò mí hẹlẹ lè tẹ ọmọdé lórí ba. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ kékeré irú èyí. Yálà kí ó fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, kí epo máa ṣàn, tàbí kí ó fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i, kí ẹni tí ń wà á ní sùúrù. Láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni ìtàn náà ti ń lọ tí ó ń bọ̀.

LÁTI ORÍ ÒKÈ YÌNYÍN NÍ JÀPÁÀNÙ

Ilé-iṣẹ́ Jensen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ọkọ̀ ojú títì kan jáde ní ọdún 1966 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n pè ní FF. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó ni. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní lítà mẹ́fà, 320 péré ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1971. Mẹ̀kúnnù kò rí i fọwọ́ kàn.

Ilẹ̀ Jàpáànù ni ọkọ̀ tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ti wá. Ní agbègbè Tohoku ní àríwá ilẹ̀ náà, yìnyín a máa bọ́ sílẹ̀ bí òwú lákòókò òtútù títí yóò fi bo ojú ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mànàmáná Tohoku ní láti gun orí òkè lọ tún wáyà ṣe nínú yìnyín yìí. Ọkọ̀ jíìpù ni wọ́n ń lò, jíìpù sì ń jà wọ́n pàtìpàtì, òtútù sì ń pa wọ́n nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà béèrè bóyá a lè rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó rọ ara lọ́rùn, tí yóò sì lè ṣe iṣẹ́ jíìpù. Ilé-iṣẹ́ Fuji Heavy Industries, tí ń ṣe ọkọ̀ Subaru, ni ó dáhùn. Ní 1972, wọ́n gbé Leone onítáyà-mẹ́rin-lápapọ̀ jáde fún títà.

Ẹ́ńjìnnì Leone náà kò ju lítà 1.4 lọ. Kò yára, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tí ó ń lọ. Ọgbọ́n kan tún wà nínú rẹ̀: bí ọ̀nà bá gbẹ, táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bí yìnyín bá dé, awakọ̀ yóò fa irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táyà ẹ̀yìn yóò sì bá iwájú ṣiṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti ń wá bí a ó ṣe ṣún epo lò.

ỌDÚN TÍ EPO DI WÚRÀ

Ní oṣù October 1973, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń wa epo fi òfin de títa epo fún Amẹ́ríkà. Àgbá epo kan tí iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3 di nǹkan bí dọ́là 12 kí ọdún 1974 tó gbilẹ̀. Ìlà àwọn ọkọ̀ gùn ní ilé epo káàkiri Amẹ́ríkà. Ní January 1974, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe sáré ju máìlì 55 láàárín wákàtí kan lọ, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 88. Ní December 1975, Ààrẹ Ford fọwọ́ sí òmíràn tí ó pa á láṣẹ pé, tí ó bá fi máa di 1985, àròpín ìrìn àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tà gbọ́dọ̀ tó máìlì 27.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan, nǹkan bí kìlómítà 11.7 lórí lítà kan. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì kékeré ti kúrò ní ohun ẹ̀sín.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà pín sí méjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Audi ti Jámánì lọ dán ọkọ̀ wò nínú yìnyín ilẹ̀ Fínlándì ní ìgbà òtútù ọdún 1976 sí 1977. Ọkọ̀ ológun kan tí wọ́n ń pè ní Iltis wà láàárín wọn. Agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 75 lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn nígbà tí ó ń fi àwọn ọkọ̀ tí agbára wọn ju tirẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ohun tí Audi fi èyí ṣe ni Quattro ti ọdún 1980, tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 200, tí ó sì di òkìkí nínú ìdíje eré ọkọ̀. Fiat ti ilẹ̀ Ítálì gba ọ̀nà kejì. Ní 1983, wọ́n gbé Panda onítáyà-mẹ́rin-lápapọ̀ jáde, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pé lítà kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 48 péré. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ó fúyẹ́, owó epo rẹ̀ kò sì ni wọ́n lára.

Ẹ̀rí Iltis ni ó yẹ kí a dì mú ṣinṣin nínú ìtàn yìí: ohun tí ó ń fa ọkọ̀ jáde nínú yìnyín kì í ṣe ọ̀pọ̀ agbára, bí kò ṣe pé kí a pín ìwọ̀nba agbára tí ó wà fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

BÍ EPO ṢE RỌJÚ TÍ A FI GBÀGBÉ

Ìyà kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni tí ó ti yó. Ní 1986, iye epo rọ̀bì já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ọdún yìí kan náà ni Nàìjíríà, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ OPEC láti 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò ìlànà ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, nítorí owó epo kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí ó sọ àpò Nàìjíríà di fífẹ́lẹ́ ni ó mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ọkọ̀ Subaru Impreza ni a fi lè wọn ìsanra yìí. Ní òpin 1992 ni ó jáde ní Jàpáànù. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà fún ọdún 1993 ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 110. Láìpẹ́, lítà 2.2 dé. Lẹ́yìn náà, lítà 2.5 dé. Nígbà tí ó fi di 2008, agbára Impreza lásán ti tó ẹṣin 170. Lákòókò kan náà, láti nǹkan bí 1996, Subaru ti pinnu pé gbogbo ọkọ̀ tí òun bá ń tà ní Amẹ́ríkà ni ẹ́ńjìnnì yóò máa yí táyà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpinnu yìí fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ó tún so ó mọ́ gbèsè epo, nítorí kò ní ọkọ̀ fífúyẹ́ kankan tí yóò fi dọ́gbọ́n.

Ní December 1975 ni òfin àkọ́kọ́ wá. Ní December 2007 ni òmíràn dé, tí ó béèrè fún máìlì 35 lórí gálọ́ọ̀nù kan tí ó bá fi máa di 2020. Ní July 2008, àgbá epo rọ̀bì kan ju dọ́là 147 lọ. Àwọn tí wọ́n ti gbàgbé 1973 rántí lójijì.

PÀṢÍPÀÀRỌ̀ ỌDÚN 2012

Èsì Subaru wá pẹ̀lú Impreza tuntun ti ọdún 2012. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 kúrò, wọ́n fi ti lítà 2.0 rọ́pò rẹ̀. Agbára já láti ẹṣin 170 sí 148. Wọ́n dín ìwúwo ọkọ̀ náà kù pẹ̀lú. Àpótí jíà àtijọ́ onípele mẹ́rin, tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, kúrò. Èyí tí kò ní ìpele rárá ni ó gba ipò rẹ̀. Nínú irú àpótí yìí, ṣéènì irin kan ni ó ń so àgbá méjì pọ̀. Àwọn àgbá náà a máa fẹ̀, wọn a sì máa sún mọ́ra, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ní ìwọ̀n tí kò ti ní fi epo ṣòfò. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Hub van Doorne ti ilẹ̀ Họ́láńdì ti fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré DAF ní 1958, Subaru fúnra rẹ̀ sì ti fi sínú ọkọ̀ Justy ní 1987. Ọgbọ́n ọkọ̀ aláìlágbára ni ó wá gba ọkọ̀ alágbára sílẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, Impreza 2011 onípele mẹ́rin ń rin nǹkan bí kìlómítà 8.5 lórí lítà kan láàárín ìlú, ó sì ń rin 11 lójú ọ̀nà jíjìn. Ti 2012 ń rin 11.5 láàárín ìlú àti 15.3 lójú ọ̀nà jíjìn. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ẹni tí ó bá rin kìlómítà 20,000 lọ́dún yóò dá epo tí ó lé ní lítà 500 sí. Ohun tí a fi sílẹ̀ nínú agbára jẹ́ ìdá 13 nínú 100; ohun tí a jèrè nínú ìrìn jẹ́ ìdá 36 nínú 100.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó pàdánù. Bí ọkọ̀ náà bá kún fún ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù, tí ó sì ń gun òkè gíga, kò rọrùn kí ó yọ tírélà sílẹ̀ kíákíá bí ti tẹ́lẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹṣin 22 tí ó lọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ eré sísá ní láti ra WRX, kí ó sì san owó epo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yìnyín àti ẹrẹ̀, níbi tí a tìtorí rẹ̀ ṣe ọkọ̀ náà, kò sí ohun tí ó dín kù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí Iltis kò sì tíì di irọ́.

ÌPARÍ ÌTÀN ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Impreza tuntun ti ọdún 2024 tún jáde, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 sì tún padà sínú ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú agbára ẹṣin 182. Ti lítà 2.0 ní ẹṣin 152. Ohun ìyanu ni pé ìyàtọ̀ ìrìn wọn lórí lítà epo kan kò tó ìlàjì kìlómítà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe kíkéré ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ ọdún 2012; àpótí jíà àti ìfúyẹ́ ọkọ̀ kó ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ gbà láti fi agbára díẹ̀ sílẹ̀, bóyá a kì bá má fara balẹ̀ wá ọgbọ́n yòókù.

Ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 29 oṣù May, 2023, tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ tí kì í kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe ń mu epo sí. Ìbéèrè tí àwọn ará Amẹ́ríkà béèrè ní 1973 ni. Ìtàn sì ti dáhùn rẹ̀: kí a mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi nǹkan ṣe, kí a fún un ní agbára tí ó tó iṣẹ́ náà, kí a má sì ṣe ra èyí tí ó ṣẹ́kù láti fi ṣe fáàrí. Ọgbọ́n ju agbára lọ.