Endometriosis ní Ibi Tí A Kò Fọkàn Sí

Endometriosis ni àìsàn tí ẹran-ara tó jọ awọ inú ilé-ọmọ fi ń hù sí ibòmíràn, tí ó ń wú, tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ bí họ́mọ̀nù obìnrin bá ṣe ń lọ sókè-sódò lóṣooṣù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó ń bá nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ fínra. Àyíká ilé-ọmọ àti ibùdó ẹyin ló sábà máa ń wà, ṣùgbọ́n ó lè hù sí ìfun, ìdodo, ojú àpá iṣẹ́-abẹ ìbímọ, àti inú àyà pàápàá.

Ti inú àyà ló ṣòro jù láti dá mọ̀. Afẹ́fẹ́ a máa jò láti inú ẹ̀dọ̀fóró sínú àyà, tí èémí yóò sì kúrú, nígbà tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1958 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Maurer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ròyìn irú rẹ̀. Apá ọ̀tún ló pọ̀ jù, bóyá nítorí pé omi inú ikùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gòkè lọ bá iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pààlà sáàárín ikùn àti àyà. Àwọn mìíràn a máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, àti pé níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ́pọ̀, bíi Nàìjíríà, òun ni dókítà yóò kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀jẹ̀ náà a sì dá fúnra rẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ti parí, èyí tó lè mú kí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́, títí oṣù mìíràn yóò fi dé.

Nínú gbogbo àyẹ̀wò, ìbéèrè nípa ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ni kò náni ní kọ́bọ̀, òun náà sì ni a sábà máa ń gbàgbé, nítorí pé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀fóró ni aláìsàn ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà àìsàn obìnrin. X-ray tí a yà láàárín oṣù lè má fi nǹkan kan hàn. Iṣẹ́-abẹ tí a fi kámẹ́rà ṣe, pẹ̀lú ẹran tí a gé fún àyẹ̀wò, ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ jù, síbẹ̀ ẹran tí a gé lè má bọ́ sójú ibi tó yẹ. Oògùn tó ń dá họ́mọ̀nù dúró àti iṣẹ́-abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Èyí tó tún léwu, bí ó tilẹ̀ dákẹ́, ni èyí tó ń fún ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ti kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀ pa, nítorí kíndìnrín lè bàjẹ́ láìsí ìrora kankan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n ya skáànù kíndìnrín fún obìnrin tí endometriosis rẹ̀ ti wọlé jinlẹ̀, bí kò tilẹ̀ ṣàròyé nípa ìtọ̀ rárá.