Ọ̀dà Àtijọ́ Lára Ọkọ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Bó O Kúrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí ni mo pa fún bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìpàdé. Bàbá ra Morris Minor kan tí wọ́n ṣe ní 1962, nítorí pé irú rẹ̀ ni bàbá tí ó bí wọn ń wà n'Íbàdàn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Wọ́n fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó padà dà bí tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo igi. Ẹni tí ó tà á fún wọn fi agolo àtijọ́ kan ṣe ènì, oògùn tí a fi ń bó ọ̀dà ni ó wà nínú rẹ̀. Bàbá ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Inú gáréèjì ni a ó wà, a ó sì ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí agolo yẹn." Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí a tó mọ bí a ó ṣe bó ọ̀dà, ó yẹ kí a mọ irú ọ̀dà tí ó jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tí ń kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, ọ̀dà wọn sì ní òróró nínú. Bí ìpele kan bá gbẹ, wọn a ha á kí ó dán, wọn a tún kun òmíràn lé e. Ọkọ̀ kan lè lo nǹkan bí oṣù kan lọ́wọ́ pẹ́ńtà. Henry Ford wá ọ̀nà àbùjá: láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Model T rẹ̀, iná ààrò ni wọ́n sì fi ń mú ọ̀dà náà gbẹ. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í lo Duco, ọ̀dà tí DuPont fi òwú tí a rẹ sínú ásíìdì ṣe. Fífín ni wọ́n ń fín in, kì í sì í ju wákàtí díẹ̀ lọ tí ó fi ń gbẹ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ aláràbarà ti gbòde.

Ṣùgbọ́n ohun kan fara sin sínú ẹwà yìí, òun ni òjé. Òjé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, ṣebí òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Bí ó bá wà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Nígbà tí ó bá di eruku ni ó ń di májèlé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà funfun, pupa àti òfeefèé àtijọ́. Òjé yíyọ́ ni wọ́n sì fi ń dí oríkèé irin lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí àwọn ohun ìdí tí a fi kẹ́míkà ṣe tó dé ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tí ó bá ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ ń fà á símú ni, ó sì ń fi aṣọ gbé e relé bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọdé ni ó sì ń pa lára jù, nítorí ọpọlọ wọn tí ó ṣì ń dàgbà. Ìdí nìyí tí sáńpépà tí ó ṣeé rì bọ omi, tí ilé iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1921, fi jẹ́ ìtura ńlá fún àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀. Omi pa eruku.

Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ń pẹ́ jù, wọ́n ní iyanrìn ni yóò yá. Ní 1870 ni Benjamin Tilghman ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ọgbọ́n tí ó dá, láti máa fi agbára tu iyanrìn lu nǹkan líle. Ó ń bó ọ̀dà àti ìpẹtà wéré wéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó fọ́ lúbúlúbú ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó kú kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin de irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ní 1949. Ó tún máa ń ká irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ọkọ̀ kò. Nígbà tí wọ́n ń tún ère òmìnira tí ó wà ní New York ṣe kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1986, ìyẹ̀fun sódà tí a ń fi sí àkàrà òyìnbó ni wọ́n tú sí inú rẹ̀ láti ṣí ọ̀dà dúdú kúrò, kí bàbà rẹ̀ má bàa há. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe náà ń lo ọgbọ́n yìí.

Ó wá ku agolo Bàbá. Methylene chloride ni ó wà nínú rẹ̀, a rí i kà lára agolo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ọba oògùn ìbó-ọ̀dà: bí a bá ti pa á lára irin, láìpẹ́ ọ̀dà yóò wú, yóò sì ṣí. Ní 1972 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ara ẹni tí ó bá fà á símú ń sọ ọ́ di carbon monoxide. Gáàsì olóró yìí kan náà ni ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a mọ̀ dáadáa nílé, tí ó máa ń pa àwọn tí ó sùn mọ́jú. Èéfín oògùn náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹni tí ó tẹríba ń ṣiṣẹ́ wà. Láàárín 2000 sí 2011, ó kéré tán òṣìṣẹ́ 13 ni ó kú ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń fi irú oògùn yìí bó ọpọ́n ìwẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù dá títà rẹ̀ fún aráàlú dúró ní ìparí 2011, Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Àmọ́ òfin kò wọ inú gáréèjì lọ kó àwọn agolo àtijọ́ jáde.

A gbé agolo náà lọ sí ibi tí káńsù ti ń gba kẹ́míkà. Ní Sátidé, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, a wọ kóòtù, a bo imú, a wọ ìbọ̀wọ́. Omi àti sáńpépà ni a mú. A kọ́kọ́ ha ojú kan lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò ju owó ẹyọ kan lọ, àwọn ìpele ọ̀dà sì yọ bí òrùka inú igi: pupa lókè, àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú nísàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a bá ohun ìdí níwọ̀n ìka kan. Ọkọ̀ náà ti forí gbá nǹkan rí, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìpẹtà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: bí a bá ti kun ọ̀dà tuntun lé ìpẹtà yẹn, ọdún méjì kò ní pé kí ó tó tún yọjú. Ká ní oògùn ni a dà lé e, gbogbo ìtàn yìí ni ì bá di ẹrẹ̀ nílẹ̀.

Sátidé mẹ́rin ni a ti lò báyìí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó sì mọ́. Bàbá kò ráhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé, ẹ lọ yẹ gáréèjì yín wò lónìí. Bí ẹ bá rí irú agolo bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣí i. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa pa wá lára. Àṣẹ.